Owó grant fún kíláàsì àwọn ọmọ wẹ́wẹ́: bó ṣe ń rìn láti Àbújá títí dé sùkúù abúlé yín

Màmá kan ló kọ̀wé sí mi láti abúlé kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn ló ń ṣojú àwọn obìnrin nínú SBMC sùkúù ìjọba àdúgbò wọn, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí ìlú àti sùkúù jọ ń ṣe. Wọ́n ní àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún ò ní kíláàsì tiwọn, ṣe ni wọ́n kó wọn mọ́ primary one, ọmọ 71 lábẹ́ tíṣà kan ṣoṣo, àwọn kékeré yẹn ló sì ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n gbọ́ pé ìjọba ní owó grant tó jẹ́ ti irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin kan ti wá bá wọn pé kí wọ́n lọ forúkọ NGO sílẹ̀, kí wọ́n sì mú ₦80,000 wá, òun á bá wọn ṣe gbogbo ẹ̀. Ìbéèrè wọn ni pé ṣé lóòótọ́ lowó yìí wà, ta ló ń gbà á, kí làwọn lè ṣe tó fi máa dé ọ̀dọ̀ àwọn.

Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ sì kú àníyàn àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti ọmọkùnrin yẹn kúrò nílẹ̀: ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Owó tí ẹ ń gbọ́ yẹn kì í gba ọwọ́ agent, kò sì sí fọ́ọ̀mù kankan tí èèyàn ń rà láti fi gbà á. Ìjọba àpapọ̀ ló ń fún ìjọba ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ ló ń ná an sí sùkúù ìjọba. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kóun tó bá yín gbà á, olè ni, bó bá tiẹ̀ wọ kóòtù tó so táì mọ́ ọn.

Àmọ́ owó wà o. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka planning nídìí ètò ẹ̀kọ́ yìí, mo mọ ọ̀nà tó ń gbà, mo sì mọ ibi tó ti máa ń há. Tẹ́ ẹ bá mọ ibi tó ti ń há, ẹ máa mọ ibi tí ẹ máa lọ dúró sí.

30 September 1999 ni Ààrẹ Ọbásanjọ́ ṣí ètò UBE, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ, ní Sókótó, ṣùgbọ́n ọdún 2004 ni òfin ẹ̀ tó jáde. Láàárín ìgbà yẹn, ní April 2002, Supreme Court ti dájọ́ pé ìjọba àpapọ̀ ò gbọ́dọ̀ máa yọ owó ẹ̀kọ́ primary kúrò lórí owó gbogbogbòò kí wọ́n tó pín in mọ́, torí iṣẹ́ ìpínlẹ̀ àti local government ni ẹ̀kọ́ primary. Nígbà tí wọ́n wá ń ṣe òfin 2004, àpò ti ìjọba àpapọ̀ fúnra ẹ̀ ni wọ́n ti ní kí wọ́n máa mú un: ó kéré tán, 2% nínú Consolidated Revenue Fund lọ́dọọdún. UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò UBE, ló ń tọ́jú ẹ̀ ní Àbújá. Wọ́n pín owó yẹn sọ́nà púpọ̀, ìdajì ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní matching grant, gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlógójì àti Àbújá ló ń pín ìdajì yìí dọ́gbadọ́gba.

Kí ló dé tí wọ́n ń pè é ní matching? Torí òfin sọ pé ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ mú ìdajì owó iṣẹ́ náà wá láti àpò tiẹ̀. Náírà kan Àbújá, náírà kan ìpínlẹ̀. Tí gọ́mìnà ò bá tíì gbé tiẹ̀ sí báńkì, tí wọn ò rí ẹ̀rí pé ó wà níbẹ̀, tí wọn ò sì tíì rí ètò iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní action plan, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná ti tẹ́lẹ̀, owó Àbújá máa jókòó síbẹ̀ ni. Ibi àkọ́kọ́ tó ti ń há nìyí mà. Ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ máa gbọ́ lórí rédíò pé bílíọ̀nù báyìí báyìí wà nílẹ̀ táwọn ìpínlẹ̀ ò gbà, kì í ṣe irọ́. Ìjọba tó bá ń wá owó afárá àti owó oṣù, ó lè máa sún ti ìdajì yìí síwájú lọ́dọọdún, torí pé ọmọ ọdún márùn-ún ò ní káàdì ìdìbò.

Ibi kejì tó ti ń há, inú ìṣirò ló wà, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é. Ká ní Àbújá mú bílíọ̀nù kan náírà wá, ìpínlẹ̀ mú bílíọ̀nù kan wá, àpẹẹrẹ lásán ni mo ń ṣe o. Bílíọ̀nù méjì nìyẹn. Ìlànà UBEC ni pé 60% ẹ̀ á lọ sí primary, 35% sí JSS, 5% tó kù ni ti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, ìyẹn ECCDE. 5% nínú bílíọ̀nù méjì jẹ́ mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún. Ó jọ owó ńlá, àbí? Ẹ tún pín in: 70% ẹ̀ fún ilé kíkọ́, àtúnṣe àti àga, 15% fún ìwé àti ohun ìkọ́ni, 15% fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tíṣà. Ilé kíkọ́ wá jẹ́ mílíọ̀nù àádọ́rin. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní local government 33. Tí wọ́n bá pín in kárí, ti local government kan ò ju mílíọ̀nù méjì náírà àti díẹ̀ lọ.

Mílíọ̀nù méjì ò lè kọ́ kíláàsì kan parí láyé tá a wà yìí, ká má tíì sọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó bá ìdí ọmọdé mu. Nítorí náà wọn kì í pín in kárí. Wọ́n máa ń mú sùkúù díẹ̀ lọ́dún yìí, díẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ó túmọ̀ sí pé ìlà wà, mà, sùkúù yín sì lè má sí lórí ìlà yẹn rárá. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi nìyí: iṣẹ́ yín ni kí sùkúù yín wà lórí ìwé, kó wà níbẹ̀ dáadáa, kó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ action plan.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ 5% péré. Ó ń dùn mí. Tẹ́ ẹ bá ka òfin 2004 yẹn, níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé ohun tí UBE jẹ́, wọ́n dárúkọ ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti sọ pé dandan ni, ọ̀fẹ́ ni, pé òbí tí ò bá mú ọmọ wá lè dé kóòtù, primary àti JSS nìkan ni wọ́n dárúkọ. Àwọn tó kéré jù wá di ẹni tí wọ́n ń rántí gbẹ̀yìn. Àti ìgbà Awólọ́wọ̀ náà ló ti rí bẹ́ẹ̀, January 1955 tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Western Region, primary ni wọ́n ń wí, ti àwọn tó kéré sí ìyẹn wà lọ́wọ́ ìyá wọn àti ẹni tó bá lówó jẹ́lé-ó-sinmi. Orúkọ yẹn gan-an ń sọ bá a ṣe ń wò ó, kí ọmọ jáde kí ilé lè sinmi. Bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń to ìdérí kóòkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó ń pín in sí pupa àti búlúù, ìṣirò ló ń kọ́ yẹn. Ọmọ tí ò ṣe é kó tó wọ primary one, tíṣà á máa bá a jà lórí ohun tí kò yẹ kó jẹ́ ìjà.

Àmọ́ ìwé ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ti yí padà díẹ̀. Wọ́n ti fi ọdún kan kindergarten kún ẹ̀kọ́ ìjọba, ti ọmọ ọdún márùn-ún, òun ni 1 tó wà níwájú nínú 1-6-3-3-4. Ìlànà náà tún sọ pé ọmọ tó wà lábẹ́ tíṣà kan ní kindergarten ò gbọ́dọ̀ ju 25 lọ. Ẹ mú nọ́ńbà yìí dání, ẹ máa lò ó. Ọmọ 71 yín yẹn, tí wọ́n tún da primary one mọ́ wọn, kì í ṣe ẹ̀dùn ọkàn lásán lẹ ń gbé lọ sọ́dọ̀ wọn, ìlànà tí ìjọba fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ni wọ́n ń rú.

Ó yá, kí ni kẹ́ ẹ ṣe?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí register. Mo mọ̀ pé ó dà bí nǹkan kékeré, ẹ ṣáà fara balẹ̀ gbọ́. Lọ́dún kan, a lọ yẹ fọ́ọ̀mù Annual School Census, ìyẹn ìkànìyàn sùkúù ọdọọdún, wò ní sùkúù kan, ní ìpínlẹ̀ tí mi ò ní dárúkọ. Mo jókòó nínú ọ́fíìsì ọ̀gá sùkúù, mo ṣí ojú ewé tí wọ́n ti ń béèrè iye ọmọ tó wà ní ECCDE. Ọ̀gá ti fa ilà gbọọrọ sí gbogbo àpótí ojú ewé náà. Kò sí ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ní àkókò yẹn gan-an, mò ń gbọ́ àwọn ọmọ kéékèèké lẹ́yìn fèrèsé tí wọ́n ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i. Mo ní, "Ẹ̀yin mà, àwọn wo nìyẹn?" Wọ́n ní, "Háà, àwọn tó ń tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n wọn wá ni, wọn ò tíì wọ sùkúù." Inú exercise book kan ni wọ́n kọ orúkọ wọn sí, lẹ́yìn ìwé owó PTA. Mo ka orúkọ yẹn, 43 ni wọ́n. Àwọn ọmọ 43 tó ń kàwé lójoojúmọ́, lójú ìjọba òdo ni wọ́n. Ta ló máa kọ́ kíláàsì fún òdo?

Nítorí náà ní sùkúù tiyín, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ headmaster bóyá àwọn ọmọ yìí ní register tiwọn, tó ní ọjọ́ ìbí, tó ya ọkùnrin sọ́tọ̀ sí obìnrin. Tí kò bá sí, kí SBMC ràn wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n ṣí i lọ́sẹ̀ yìí. Kí wọ́n rí i pé fọ́ọ̀mù census tó ń bọ̀ gbé iye náà bó ṣe rí gan-an, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ọmọ kan kún un o, torí tí wọ́n bá wá kà á tí kò pé, wọn ò ní gba yín gbọ́ mọ́. Orí census yẹn àti àyẹ̀wò tí UBEC fúnra ẹ̀ máa ń ṣe, irú èyí tí wọ́n ṣe ní 2018 àti 2022, lọ́fíìsì planning ti ń mú sùkúù.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ pe ìpàdé SBMC. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin àti headmaster nìkan. Ẹ pe baálẹ̀ tàbí aṣojú wọn, ìyálọ́jà, àwọn PTA, àwọn tó ka sùkúù yẹn nígbà kan tí wọ́n wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó, bíríkìlà àti káfíńtà àdúgbò, ẹ má fo àwọn yẹn torí wọ́n mọ iye tí nǹkan jẹ́. Ẹ kọ School Development Plan, ojú ewé méjì tó. Mélòó làwọn ọmọ, ọdún wọn, àga mélòó ló wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà àbí kò sí, omi ńkọ́, ilẹ̀ tó ṣófo nínú ọgbà sùkúù tó ìwọ̀n wo. Ẹ fi fọ́tò àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sí i, kí ojú wọn má hàn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì gan-an, mo ti rí i tí wọ́n gbé iṣẹ́ kúrò ní sùkúù kan lọ síbòmíràn torí pé ìdílé méjì ń jà lórí ilẹ̀. Tí ìwé bá wà pé ti sùkúù nilẹ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà ẹ̀ mọ́ ọn.

Kí lẹ́tà wá tẹ̀lé e, sí ọ̀gá tó wà ní ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ local government yín, kí ẹ̀dà kan lọ sọ́dọ̀ alága SUBEB, àjọ tó ń rí sí ètò UBE ní ìpínlẹ̀. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gan-an sójú kan: "a fẹ́ kẹ́ ẹ fi kíláàsì ECCDE fún sùkúù wa sínú action plan matching grant tó ń bọ̀." Ẹ má kọ "ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn wá lọ́wọ́", lẹ́tà irú ẹ̀ kún inú file, ẹni tó ń kà á ò ní mọ ibi tó máa gbé e sí. Lẹ́tà tó bá ti dárúkọ ibi tí owó ti ń jáde, tó dárúkọ 25 tí ìlànà sọ àti 71 tẹ́ ẹ ní, ó ti bá òṣìṣẹ́ planning ṣe ìdajì iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ gbé e lọ fúnra yín, kí ẹ tó èèyàn mẹ́ta, kí wọ́n lu stamp lé ẹ̀dà tiyín, kí ọjọ́ sì wà lára ẹ̀. Ẹ padà lọ lẹ́yìn oṣù kan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Tí wọn ò bá dá yín lóhùn, òfin Freedom of Information ti 2011 wà. Ẹ lè kọ̀wé béèrè pé sùkúù wo ni wọ́n kọ́ kíláàsì ECCDE sí lọ́dún tó kọjá, èló ni, ta ló gba iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ ò ní láti sọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń sọ tẹ́lẹ̀ pé òfin yẹn ò kan àwọn, Supreme Court sì ti sọ ní 2025 pé ó kan gbogbo ìjọba, àti àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀. Ẹ fi sùúrù lò ó o, ẹ kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá, torí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, púpọ̀ nínú wọn náà fẹ́ kó dáa.

Ọ̀nà kan tún wà tó kéré sí ìyẹn àmọ́ tó máa ń yá. UBEC ní owó kan tó ń gba ọwọ́ SBMC fúnra ẹ̀, wọ́n ń pè é ní self-help. Ìlú á sọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe, ìlú náà á fọwọ́ sí i, ó lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ yanrìn àti iṣẹ́ bíríkìlà. Ẹ béèrè nípa ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ SBMC ní ọ́fíìsì local government, ó máa ń wà níbẹ̀. SBMC tó ní ìwé ìpàdé, tó ní àkáǹtì báńkì tí èèyàn ju ẹyọ kan lọ ń fọwọ́ sí, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹ rí i pé ẹ ò nílò NGO kankan, SBMC tẹ́ ẹ wà nínú ẹ̀ yẹn ti tó.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí owó yìí ò lè ṣe, kó má bàa já yín kulẹ̀. Kì í san owó oṣù tíṣà. Owó oṣù, ọwọ́ ìpínlẹ̀ àti local government ló ti ń wá. Mo ti rí kíláàsì ECCDE tuntun tí wọ́n kùn ní yẹ́lò, tí wọ́n kọ "UBEC/SUBEB Intervention" gàdàgbà sára ògiri, tí àwọn àga kékeré yẹn, pupa, búlúù, ṣì wà nínú nylon lẹ́yìn ọdún méjì, àgbàdo ni wọ́n kó sí igun yàrá. Kò sí tíṣà. Torí náà lẹ́tà yín gbọ́dọ̀ béèrè fún tíṣà lọ́tọ̀, ẹ sì bèèrè pé kí wọ́n fi orúkọ tíṣà tó wà nílẹ̀ báyìí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ECCDE, 15% tí mo sọ yẹn, torí èèyàn lè mọ primary four kọ́ dáadáa kó má mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ ọdún mẹ́rin jókòó sórí ẹní.

Kí owó tó dé ńkọ́? Ẹ sọ fún headmaster kí wọ́n ya àwọn kékeré sọ́tọ̀, bó jẹ́ abẹ́ igi ni fún wákàtí méjì lójúmọ́, pẹ̀lú ọ̀dọ́bìnrin kan tó parí ìwé mẹ́wàá tí ìlú á máa fún ní nǹkan díẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹní. Ìdérí kóòkì, ṣùkù àgbàdo, ọ̀pá ìṣáná, ike omi tẹ́ ẹ ti fọ̀, yanrìn nínú páànù tí wọ́n á fi ìka kọ lẹ́tà sí, ohun ìkọ́ni ni gbogbo ẹ̀, ẹ ò ní ra ìkankan. Àwọn màmá àgbà tó mọ àlọ́ wà ní abúlé, ẹ pè wọ́n ní Friday kan, èdè wa ni kí wọ́n fi pa á. Tí ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò bá wá, tó bá kíláàsì tó ti ń rìn tí ilé nìkan ló kù fún, ọ̀rọ̀ máa ń yàtọ̀ lójú ẹ̀, mo mọ̀ torí èmi náà ti jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá gbé iṣẹ́ dé, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ béèrè fún BOQ, ìwé tó sọ iye àpò sìmẹ́ǹtì àti irú irin tí wọ́n máa lò, ẹ jẹ́ kí bíríkìlà inú SBMC yín kà á, kó sì máa lọ wò wọ́n láàárọ̀ tí wọ́n bá ń po sìmẹ́ǹtì. Ẹ má bá kọntirakítọ̀ jà, ẹ ṣáà máa wà níbẹ̀, ẹ máa kí i, ẹ máa ya fọ́tò.

Fún àwọn tó ní nursery aládàáni tí wọ́n máa ka èyí, matching grant yìí kì í ṣe tiyín, sùkúù ìjọba ló wà fún, ẹ má jẹ́ kí agent kankan gba owó lọ́wọ́ yín lórí ẹ̀.

Màmá, lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ lọ bèèrè register yẹn ná. Tẹ́ ẹ bá ti kọ lẹ́tà tán, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí n bá yín kà á kó tó lọ, tí wọ́n bá sì ti lu stamp lé ẹ̀dà tiyín, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́, mo fẹ́ mọ ọjọ́ tó wọlé, ká lè jọ máa ka oṣù kan.